Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́, máa ń béèrè léraléra. Èyí tí ó rọrùn ni a fi ṣáájú, èyí tí ó gba àròjinlẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ gan-an?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ẹni tí kò mọ iṣẹ́-ọwọ́ kan, kí ó sì kọ́ ọ títí yóò fi lè dá iṣẹ́ náà ṣe dé ìwọ̀n tí ẹni tí yóò sanwó yóò gbà, láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró tì í. Iṣẹ́ náà lè jẹ́ jórin-jórin, iṣẹ́ iná, iṣẹ́ káfíńtà, títún ọkọ̀ ṣe, iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tàbí títún kọ̀ǹpútà ṣe. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé a kò lè fi ẹnu nìkan kọ́ wọn, a kò sì lè fi ìwé nìkan dán ẹni tí ó kọ́ wọn wò.

Nínú ètò tí ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fi ń to iṣẹ́ aráyé ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, èyí tí wọ́n ń pè ní ISCO-08, olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 2320, láàrin àwọn olùkọ́ yòókù. Wọn kò kà á mọ́ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí, nítorí pé ọjọ́ tí oníṣẹ́ bá ti di olùkọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òòlù kan náà ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ ó yàtọ̀ sí ọ̀gá tí ó ń kọ́ ọmọṣẹ́?

Ó yàtọ̀. Ọ̀gá ní iṣẹ́ oníbàárà tí ó gbọ́dọ̀ parí, ohun tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá sì gbé wá ni ọmọṣẹ́ ń kọ́. Bí ọdún kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gbé ẹ́ńjìnnì tí ó ní irú àìsàn kan wá, ọmọṣẹ́ kò ní mọ àìsàn náà. Olùkọ́ ní tirẹ̀ ní ètò ẹ̀kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kárí, nítorí náà ó lè mọ̀ọ́mọ̀ tú nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì lówùúrọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀sán wá ibi tí ó ti bàjẹ́.

Ohun tí ọ̀gá ní tí ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ni ìkánjú iṣẹ́ àti ojú oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi pa méjèèjì pọ̀. Ní Jámánì, níbi tí òfin ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún 1969 ti so ètò náà pọ̀ lábẹ́ òfin kan, ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ máa ń lo apá kan àkókò rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á, apá kejì ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn iṣẹ́ náà ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta àbọ̀.

Kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè ṣe é?

Òfin kò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè: ìwé-ẹ̀rí nínú iṣẹ́-ọwọ́ náà, ọdún mélòó kan tí ènìyàn ti fi ṣe é jẹun lóde ilé-ẹ̀kọ́, àti ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni. Àdéhùn tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti àṣà, ṣe ní ọdún 1989 lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ó bá ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, ìbáà jẹ́ olùkọ́ ojoojúmọ́ tàbí ẹni tí ó kàn ń yà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà ní tíọ́rì àti ní àfọwọ́ṣe, kí ó sì mọ bí a ṣe ń kọ́ni.

Ní Jámánì, ìdánwò tí oníṣẹ́-ọwọ́ fi ń di ọ̀gá pátápátá, tí wọ́n ń pè ní Meister, pín sí mẹ́rin, ìpín kẹrin sì dá lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́. Lójú tèmi, nínú ohun mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀ lókè, àìsí èkejì ni ó máa ń tètè tú ènìyàn fó. Ẹni tí kò bá oníbàárà ṣiṣẹ́ rí máa ń kọ́ni bí ẹni pé gbogbo irin ló mọ́, tí gbogbo ògiri sì tọ́.

Báwo ni ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣe máa ń lọ?

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Olùkọ́ á tan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò, á gé irin tàbí pákó tí wọn yóò lò sí ìwọ̀n, á sì kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ibi tí ó bá ti nira fún un ni yóò ti le gan-an fún wọn. Lẹ́yìn èyí ni àlàyé, àfihàn, àti wákàtí pípẹ́ tí yóò fi máa rìn láti tábìlì kan dé òmíràn.

Ìṣẹ́jú 30 tí ó kẹ́yìn kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ tuntun rárá. Ti gbígbá ṣọ́ọ̀bù àti kíka irin-iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti fi ọ̀dà ya àwòrán irin-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri níbi tí wọ́n ń fi í kọ́ sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sọnù, àwòrán rẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́kù tí yóò máa wo gbogbo yín lójú. Mo mọ olùkọ́ tí kì í ka ohunkóhun, kìkì ògiri náà ló máa ń wò kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde.

Ohun tí àlejò kì í rí ni ìwé: àkọsílẹ̀ ẹni tí ó wá, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lè ṣe, ohun èlò tí ó ń tán lọ, àti ẹ̀rọ tí ó ń fẹ́ àtúnṣe. Ó máa ń gba àkókò ju bí ènìyàn ṣe lérò lọ.

Mo mọ iṣẹ́ mi dójú àmì. Kí ló dé tí mo tún ní láti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni?

Nítorí pé mímọ̀ ọ́n dójú àmì gan-an ni ó máa ń dí yín lẹ́nu. Ní ọdún 1967, Paul Fitts àti Michael Posner, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ máa ń gbà kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń ronú lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, àwọn ìgbésẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra wọn, àṣìṣe á sì máa dínkù. Níkẹyìn, ọwọ́ á máa ṣe é fúnra rẹ̀, ọkàn á sì lè wà níbòmíràn. Ìpele kẹta ni ọ̀jáfáfá wà, ìpele kìn-ín-ní ni akẹ́kọ̀ọ́ wà, ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ sì nílò ni ọ̀jáfáfá ti gbàgbé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ bi ajórin tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún 20 ọdún pé báwo ni ẹnu ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá tí a fi ń jórin, ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí irin tó. Yóò ní, "Kò gbọdọ̀ jìnnà, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn jù." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Olùkọ́ yóò ní kí àlàfo náà má fi bẹ́ẹ̀ ju bí ọ̀pá irin inú ẹlẹ́kítíróòdù ṣe nípọn tó lọ. Yóò sì ní kí ó fetí sílẹ̀. Bí ó bá ń dún léraléra, ní ìwọ̀n kan náà, bí ohun tí à ń dín nínú òróró, ọwọ́ wà níbi tí ó yẹ. Bí ohùn rẹ̀ bá ń fẹ̀, tí iná sì ń ta pàrà káàkiri, ọwọ́ ti ga jù. Bí ó bá kú lójijì, tí ọ̀pá náà sì lẹ̀ mọ́ irin, ó ti sún mọ́ ọn jù. Ó rọrùn láti rántí, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi etí ara rẹ̀ tún ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí olùkọ́ wà ní tábìlì mìíràn.

Ọ̀nà wo ni ó dára jù láti fi iṣẹ́ han akẹ́kọ̀ọ́?

Ọ̀nà kan tí ó ti pẹ́ tí a ṣì ń lò ni ti Charles R. Allen, ẹni tí ó darí kíkọ́ àwọn olùkọ́ oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni: múra ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, fi iṣẹ́ hàn án, jẹ́ kí ó ṣe é, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà tún un gbé jáde nínú ètò tí wọ́n pè ní Training Within Industry, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì kékeré tí àwọn olórí òṣìṣẹ́ lè fi sápò.

Ní ti ìgbésẹ̀ àfihàn fúnra rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí Rodney Peyton, dókítà oníṣẹ́-abẹ, gbé kalẹ̀ fún kíkọ́ àwọn dókítà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, láì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa sọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ yín ni yóò sì máa ṣe ohun tí ó bá sọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin, òun ni yóò ṣe é tí yóò sì máa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń fo ìgbà kẹta nítorí àkókò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe inú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń jáde kí ó tó ba irin jẹ́.

Ibi tí ẹ dúró sí tún ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe dà bí ẹni pé ó rí lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo máa ń kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo bá ń fi bí a ṣe ń lo fáìlì, irin tí a fi ń ha irin, hàn lórí fáìsì, ohun tí ń di irin mú lórí tábìlì. Nígbà tí ó kàn wọ́n, mẹ́fà nínú wọn fi ọwọ́ òsì di ìdí fáìlì mú, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ orí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn náà sì yí sódì. Mo bínú sí wọn kí n tó rí i pé ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ṣe. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn mi ni mo máa ń ní kí wọ́n dúró sí, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ ọ̀tún mi lè wà ní ìhà ọwọ́ ọ̀tún wọn.

Ibo ni àṣà fífi iṣẹ́ kéékèèké ṣe ìdánrawò ti wá?

Láti Rọ́ṣíà ni ó ti gbilẹ̀. Victor Della-Vos, tí ó jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ti ọba ní Moscow, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 1868. Ó tú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan palẹ̀ sí ègé kéékèèké, ó sì tò wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le, kí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ lè máa ṣe irú kan náà pa pọ̀ lójú olùkọ́ kan. Wọ́n pàtẹ àwọn iṣẹ́ náà ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1876. John Runkle, tí ó jẹ́ olórí MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ kan níbẹ̀, nígbà náà, rí wọn níbẹ̀, ó sì mú ọ̀nà náà wọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi oṣù mẹ́fà gé oríkèé pákó láì kan àpótí ìjókòó kan ṣoṣo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun. Lẹ́yìn ìdánrawò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ó ṣe ohun kan tí ènìyàn lè lò, kódà bí kò bá gún tó.

Ewu wo ni olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ṣeré?

Gbogbo rẹ̀ ni, àmọ́ àwọn kan wà tí ojú kì í tètè rí. Ní iṣẹ́ jórin-jórin, ẹni tí ó fi ojú lásán wo iná kì í mọ̀ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí ó bá ti délé tí ó fẹ́ sùn, ni ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni tí wọ́n bu iyanrìn sí lójú. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí kò jórin rárá náà lè ní in, nítorí náà ti gbogbo ẹni tí ó wà ní àyíká ni ìbòjú jẹ́. Ní ti gáàsì, a kì í jẹ́ kí òróró tàbí gírísì kan ẹnu sílíńdà ọ́síjìn, nítorí pé ó lè gbiná fúnra rẹ̀. A kì í sì lo asẹ́tílìnì ní agbára tí ó ju 15 psi lọ, nítorí pé ó lè bú gbàmù láìsí pé atẹ́gùn kan dà pọ̀ mọ́ ọn.

Lórí léètì, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè gé e, òfin kan ṣoṣo ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́ sórí: ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń de irin mọ́ orí léètì níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ náà lórí rẹ̀, ọta ìbọn ni yóò dà. Àwọn tuntun tún máa ń rò pé ìbọ̀wọ́ ń dáàbò bo ọwọ́ níbi gbogbo. Nídìí ẹ̀rọ tí ń yí, irú bí léètì àti dírìlì, ìbọ̀wọ́ ni yóò fa ọwọ́ wọlé.

Ní iṣẹ́ iná, ẹ kọ́ wọn láti má ṣe gba mítà, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wò bóyá iná wà, gbọ́ láì dán an wò. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi mítà náà kan ibi tí wọ́n mọ̀ dájú pé iná wà, kí wọ́n tó fi kan ibi tí wọ́n pa, kí wọ́n sì padà fi kan ti àkọ́kọ́. Mítà tí ó ti kú máa ń fi òdo hàn níbi gbogbo, òdo yẹn sì jọ òdo ibi tí kò sí iná bí ìbejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni olùkọ́ kan lè bójú tó nínú ṣọ́ọ̀bù?

Nínú kíláàsì tíọ́rì, 40 kò pa ẹnikẹ́ni. Nídìí ẹ̀rọ, mo gbà pé bí wọ́n bá ti ju 15 lọ, olùkọ́ kò bójú tó wọn mọ́, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún yín ní 30, ẹ pín wọn sí méjì: kí ìdajì wà nídìí ẹ̀rọ, kí ìdajì máa yàwòrán tàbí kí wọ́n máa sàmì sí irin ní tábìlì, kí wọ́n sì pààrọ̀ ara wọn.

Ìṣirò ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rù. Báwo ni kí n ṣe kọ́ tíọ́rì?

Ẹ má ṣe fi tíọ́rì ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn káfíńtà ní ìmọ̀ Pythagoras, ẹ gbé férémù kan tí ó wọ́ síwájú wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ bóyá igun rẹ̀ gún. Àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ní kí wọ́n fi tépù wọn 60 sẹ̀ǹtímítà láti igun náà lọ sí apá kan, kí wọ́n sàmì, kí wọ́n wọn 80 lọ sí apá kejì, kí wọ́n sì wọn àárín àmì méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ 100 gééré, igun náà gún. Bí ó bá lé tàbí bí ó bá dín, ó wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é lórí férémù mẹ́ta ni ẹ tó kọ ìṣirò rẹ̀ sójú pátákó, ẹ óò sì rí i pé àwọn tí ó ní àwọn kò mọ ìṣirò ni yóò máa bi yín bóyá 30, 40 àti 50 náà lè ṣe é.

Bákan náà ni iṣẹ́ iná. Ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, tí ó ń lo 2300 wáàtì lórí 230 fólítì, ń fa 10 áńpíà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara wáyà tín-ín-rín kan tí ó ń gbé ẹrù tí ó pọ̀ jù fún un, lábẹ́ ìṣọ́ yín, kí wọ́n mọ bí ó ṣe ń gbóná láti orí rọ́bà rẹ̀, kí ẹ tó pín nọ́ńbà kan sí òmíràn.

Báwo ni a ṣe lè fún iṣẹ́-ọwọ́ ní máàkì láìṣe ojúsàájú?

Ẹ kọ ohun tí ẹ óò wò sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí a lè wọ̀n, kí a wọ̀n ọ́n: bí àwòrán bá ní 50 mílímítà, tí a sì gba kí ó lé tàbí kí ó dín ní 0.2, vernier caliper, irin-iṣẹ́ ìwọ̀n tí ó lè ka 0.02, ni yóò dájọ́, kì í ṣe ojú olùkọ́. Ohun tí a kò lè wọ̀n, bí ẹwà àti ìmọ́tótó, kí ẹni méjì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó fi máàkì wọn wéra. Bí WorldSkills, ìdíje àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́-ọwọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ láàrin Sípéènì àti Pọtugí ní Madrid ní ọdún 1950, ṣe ń pín máàkì rẹ̀ nìyẹn: ti ìwọ̀n lọ́tọ̀, ti ojú-inú lọ́tọ̀.

Kí nọ́ńbà wà lára iṣẹ́ dípò orúkọ. Iṣẹ́ jórin-jórin ní tirẹ̀ kò ṣeé fi òkè rẹ̀ nìkan dájọ́, nítorí pé ojú rẹ̀ lè máa dán nígbà tí inú rẹ̀ kún fún ihò kéékèèké àti ìdọ̀tí. Ẹ gé e, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kọ́dọrọ. Bí ó bá là níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yóò rí ìdí tí máàkì fi kéré, ẹ kò sì ní nílò àlàyé púpọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n kò mọ ìwé. Òmíràn mọ ìwé ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le. Èwo ni kí n gbájú mọ́?

Ti èkejì ni ó máa ń tètè yanjú. Ọwọ́ tí ó le sábà máa ń jẹ́ ọwọ́ tí ó ń bẹ̀rù. Ẹ fún un ní irin tí kò níye lórí, kí ó bà á jẹ́ títí ẹ̀rù á fi kúrò lára rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ gba sùúrù, nítorí pé ó ti gbà láti kékeré pé olódo lòun. Ẹ ní kí ó fi ẹnu ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì fún un kà. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lè kà láì kọsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá kọ́ ọ ní ìwé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe láìní: àwòrán iṣẹ́, ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá, àti ìwé iye owó tí à ń fún oníbàárà.

Ẹ̀rọ wa ti di ògbólógbòó. Ǹjẹ́ mo ṣì lè kọ́ wọn ní ohun tí yóò wúlò?

Ẹ lè kọ́ wọn. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń fi inú rẹ̀ hàn: akẹ́kọ̀ọ́ á rí jíà, á rí bẹ́líìtì, á gbọ́ ìgbà tí nǹkan kò bá dọ́gba. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ṣì wà nínú ti òde òní, wọ́n kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àtijọ́ ni, kí ẹ sì wá àyè fún wọn ní ilé-iṣẹ́ kan, kódà bí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ̀yin náà, ẹ padà sí ẹnu iṣẹ́ lóde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà ìsinmi.

Ṣé fídíò tàbí ẹ̀rọ afarawé-iṣẹ́ lè gba ipò olùkọ́?

Fídíò lè gba ipò àfihàn. Ó ṣeé dá dúró, ó ṣeé dá padà, kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tí ń fara wé iṣẹ́ jórin-jórin, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ìbòjú rẹ̀ wọ̀, náà ń ran ni lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé kò jẹ ẹlẹ́kítíróòdù, kò sì jó ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí ooru níbẹ̀, kò sí èéfín, kò sí irin tí ń tẹ̀ nítorí pé ó gbóná. Mo ti rí ẹni tí máàkì rẹ̀ pé lórí ẹ̀rọ náà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n nígbà tí iná gidi kọ́kọ́ ta sí i lára. Ohun tí fídíò kò lè ṣe láéláé ni kí ó wo akẹ́kọ̀ọ́ padà.

Ṣé ó tọ́ kí a máa gba iṣẹ́ oníbàárà sínú ṣọ́ọ̀bù ilé-ẹ̀kọ́?

Ó tọ́, bí iṣẹ́ náà bá bá ohun tí wọ́n ń kọ́ mu, bí owó rẹ̀ bá gba ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kọjá ní gbangba, tí oníbàárà sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣe é. Ó ti bàjẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilẹ̀kùn kan náà fún oṣù mẹ́ta nítorí pé ó ń mówó wọlé, tàbí tí olùkọ́ bá ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ bi ara yín pé, bí oníbàárà yìí kò bá wá, ǹjẹ́ màá fún wọn ní iṣẹ́ yìí? Bí ó bá jẹ́ rárá, ẹ dá a padà.

Kí ni kí n ṣe bí mo bá ṣe àṣìṣe níwájú wọn?

Ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ sì fi bí ẹ óò ṣe tún un ṣe hàn wọ́n. Wọn kì í sábà rí bí ọ̀jáfáfá ṣe ń yọ ara rẹ̀ nínú àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́-ọwọ́ ni ìyẹn.

Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì lè ṣe iṣẹ́ náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ béèrè. Ó lè jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fẹ́ kí iye àwọn tí ó yege pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ òbí tí ó ti náwó tán. Nígbà mìíràn, àánú inú olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ń gbìyànjú, kì í pẹ́ dé, ó sì jẹ́ ọmọlúàbí. Ohun tí ìbuwọ́lùwé yín ń sọ ni pé ẹni yìí lè dá iná ilé kan ṣe, tàbí pé bíréèkì tí ó bá tún ṣe yóò mú ọkọ̀ dúró. Ẹni tí yóò sùn nínú ilé náà kò mọ̀ yín, kò sì lè béèrè lọ́wọ́ yín bóyá àánú ló ṣe yín.

Ní Ìlú Ọba, ètò ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986 mú kí ọ̀rọ̀ náà dínkù sí méjì: ó lè ṣe é, tàbí kò tíì lè ṣe é. "Kò tíì" yẹn ni kí ẹ dì mú, nítorí pé kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe kọ "kò yege" lásán. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ó kù sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó ṣe níbẹ̀ nígbà tí ẹ dán an wò, àti ọjọ́ tí ẹ óò tún dán an wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ buwọ́ lù ú, kí ẹ̀yin náà buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan sì lọ sí ọ́fíìsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ kí ó yege lẹ́yìn èyí, kí onítọ̀hún fi orúkọ tirẹ̀ sí i.